Ọ̀pá Ìbọn Múyìwá

                                        Ilé Àwọn Olùkọ́,
                                        Ẹ̀sà-Òkè,
                                        Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.
                                        Ọjọ́ Kẹrìndínlógún, Oṣù Kejì, 2025.

Rùkáyà mi, ọ̀rẹ́ ìgbà èwe,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé wọ́n ti dá wọn padà sí ọ́fíìsì wọn àtijọ́, àbí wọ́n ṣì ń tì wọ́n láti ibì kan dé ibòmíràn? Ọlámilékan àti àwọn àbúrò rẹ̀ ńkọ́? Màmá ńkọ́, ṣé orúnkún ti ń gbà wọ́n láyè láti kírun bí wọ́n ṣe fẹ́? Mo mọ̀ pé ààwẹ̀ ti sún mọ́lé, o sì ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í ra nǹkan pa mọ́. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láyọ̀, kí ẹ sì parí rẹ̀ láyọ̀. Èmi náà wà láàyè. Ọmọ mi wà pẹ̀lú mi níbí. Ó ti bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé, ó sì ti ń jẹun díẹ̀díẹ̀.

Mo rí àtẹ̀jíṣẹ́ tí o fi sórí fóònù mi, tí o fi ń béèrè bóyá lóòótọ́ ni wọ́n dáná sun Àmúdà atúnbọnṣe ní Iléṣà, àti bóyá lóòótọ́ ni ọkọ mi wà níbẹ̀. Mo rí gbogbo ìpè rẹ pẹ̀lú. Má bínú pé mi ò gbé e. Ìgbàkígbà tí mo bá fẹ́ tẹ nọ́ńbà rẹ, màá bú sẹ́kún, mi ò sì fẹ́ kí o gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí ní ààbọ̀. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ ọ́ sínú ìwé bí a ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ kí fóònù tó dé. Wọn ò dáná sun ún. Ó wà láàyè. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ṣe fún un burú, ọkọ mi sì wà níbẹ̀. Òun gan-an ló ṣe èyí tó burú jù.

O rántí Àmúdà dáadáa. Òun ni ọmọ ìyá elépo tó wà ní ìdojúkọ ibùdó rélùwéè, ẹni tó ń bá gbogbo wa tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Ó ti pẹ́ tó ti kó wá sí Iléṣà, níbi tí ilé ọkọ mi wà. Ìbọn ló ń tún ṣe, kò sì sí ọdẹ láti Ìwàràjà títí dé Ìtàgúnmódì tí kò mọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Nítorí pé ará Òṣogbo ni wá, "àbúrò mi" ló máa ń pè mí, èmi náà á sì máa pè é ní ẹ̀gbọ́n.

O mọ Múyìwá pẹ̀lú, àbúrò ọkọ mi, ẹni tó fi ọ̀kadà gbé ọ lọ sí gáréèjì lẹ́yìn ìkómọjáde Tèmi ọmọ mi. Ọmọdé ni nígbà tí mo dé ilé wọn bí ìyàwó, síbẹ̀ "ọkọ mi kékeré" ni mo ń pè é títí ó fi hu irùngbọ̀n. Láti nǹkan bí ọdún mélòó kan sẹ́yìn ló ti wà lára àwọn ọdẹ tó ń ṣọ́ ọ̀nà Ìwàràjà nítorí àwọn ajínigbé. Ráífù tí bàbá wọn fi sílẹ̀ ló ń lò, ìbọn àtijọ́ kan tó wúwo, tó sì ní ìwé àṣẹ. Nígbà tó yá, ibi tí ọ̀pá ìbọn náà ti wọ inú ilé ọta ti jẹ, ọ̀pá náà wá ń mì. Ilé ọta ni mò ń pe irin ẹ̀yìn ìbọn, níbi tí a ti ń ki ọta bọ̀ ọ́. Múyìwá gbé e lọ bá Àmúdà. Àmúdà fá ojú irin méjèèjì mọ́, ó fi gọ́ọ̀mù aláwẹ́ méjì lẹ ọ̀pá náà mọ́ inú ilé ọta, ìyẹn irú gọ́ọ̀mù tí wọ́n ń pò pọ̀ kí ó tó le. Ó ní àwọn kan tó ń ṣe ìbọn ní òkè òkun náà ń fi gọ́ọ̀mù lẹ tiwọn, pé yóò lágbára ju bí ó ti wà tẹ́lẹ̀ lọ.

Akíndélé ọkọ mi kò fẹ́ ẹ. Ó ní, "Ta ló ń fi gọ́ọ̀mù lẹ ìbọn? Ṣé bàtà ni?" Ṣùgbọ́n Múyìwá rẹ́rìn-ín, ó ní ìbọn òun dára. Ó sì lò ó ní gbogbo ìgbà òjò, kò sí ohun tó ṣe é. Ọta rẹ̀ ló ṣòro láti rí rà, nítorí náà ọkọ mi ló máa ń bá a tún ọta dì sínú ìkarahun èyí tó ti yìn. Ó fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Á jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, á tan rédíò, á sì máa di í ní ọ̀kọ̀ọ̀kan fún àbúrò rẹ̀. Mo sábà máa ń gbé tíì lọ bá a níbẹ̀.

Ní oṣù tó kọjá, ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, àwọn agbébọn dá ọkọ̀ èrò dúró lẹ́yìn Ìwàràjà. Wọ́n ṣá awakọ̀ ládàá lórí ìjókòó rẹ̀, wọ́n sì da àwọn èrò wọ inú igbó. Àwọn ọdẹ tẹ̀lé wọn. Bàbá Ọlọ́rundáre, olórí ọdẹ, ló ṣáájú, Múyìwá sì wà lẹ́yìn wọn. Ẹnu Bàbá Ọlọ́rundáre ni mo ti gbọ́ bó ṣe lọ. Wọ́n bá wọn létí odò kékeré kan. Ọ̀kan nínú àwọn agbébọn náà ń fi irun fa obìnrin kan lórí ilẹ̀. Múyìwá sá pamọ́ sẹ́yìn igi, ó tọ́ ìbọn sí ọkùnrin náà, ó yìn ín. Ìbọn náà kò dún bó ṣe máa ń dún. Bàbá ní ńṣe ló dún pọ̀ọ̀, bí ìgbà tí ènìyàn ṣí ìgò mínírà. Ọkùnrin náà kò ṣubú. Múyìwá rò pé òun ta á ní àtàsé ni. Ó tún ki ọta mìíràn bọ̀ ọ́, ó tún yìn ín.

Èyí ni gbogbo igbó gbọ́. Ẹ̀yìn ìbọn náà fọ́ sí i lójú. Irin wọ ojú rẹ̀ ọ̀tún, ó sì ya ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ débi etí. Àwọn agbébọn náà bẹ̀rẹ̀ sí í yìnbọn kíkankíkan, wọ́n pa ọdẹ mìíràn kan kí wọ́n tó sá, wọ́n sì fi àwọn èrò sílẹ̀. Obìnrin tí wọ́n ń fà yẹn ló fi ìró rẹ̀ di orí Múyìwá. Múyìwá kú lórí ọ̀kadà láàárín ẹni méjì, kí wọ́n tó dé oríta.

Ilé ni wọ́n gbé e wá. Orí àga gígùn tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n tẹ́ ẹ sí, ìró obìnrin náà ṣì wà lórí rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ti mú kí ó gan. Ìyá ọkọ mi kò tilẹ̀ sunkún nígbà yẹn. Wọ́n kàn ń fi ọwọ́ nu ẹrẹ̀ kúrò ní ẹsẹ̀ ọmọ wọn. Ọkọ mi ṣí ìró náà, ó wo ojú àbúrò rẹ̀. Ó wò ó fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ló dà á bò ó padà, ó gbé ìbọn tó ti fọ́ náà nílẹ̀, ó ní, "Gọ́ọ̀mù." Ó jáde. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin àdúgbò tẹ̀lé e, àwọn mìíràn sì ń dara pọ̀ mọ́ wọn lójú ọ̀nà. Mo fi òkú sílẹ̀, mo sáré tẹ̀lé wọn, nítorí mo ti rí ojú ọkọ mi.

Nígbà tí mo fi dé ṣọ́ọ̀bù Àmúdà, èrò ti dí ojú títì. Àwọn tó wà níwájú sọ fún mi pé ó ń fi fáìlì fá irin lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n wọlé, pé ó kí ọkọ mi, "Bàbá Tèmi, ẹ káàbọ̀," ọkọ mi sì fi ìdí ìbọn gbá a lẹ́nu. Nígbà tí mo ráyè wọlé, ó ti wà nílẹ̀. Wọ́n ń fi bẹ́líìtì, igi àti ẹsẹ̀ lù ú. Ẹnì kan ń fi pẹlẹbẹ àdá lù ú ní ẹ̀yìn, ó ń lù ú bí ẹni ń gbọn ẹní. Eyín ti kúrò lẹ́nu Àmúdà, ẹ̀jẹ̀ sì ń jáde bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ló ń sọ ṣáá: "Ẹ jẹ́ kí n wo ìbọn náà. Ẹ kàn jẹ́ kí n wò ó."

Ọkọ mi wọ́ ọ dìde, ó fà á lọ síbi irin ńlá tó máa ń lu nǹkan lé, ó sì tẹ́ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sórí rẹ̀. Ó mú òòlù Àmúdà fúnra rẹ̀. Ó ní, "Ọwọ́ tó po gọ́ọ̀mù nìyí." Rùkáyà, mi ò mọ iye ìgbà tó lù ú. Mo gbọ́ bí egungun ṣe ń rún. Mo sáré dì mọ́ ọkọ mi lẹ́yìn, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ sì bà mí lẹ́nu. Eyín iwájú mi kan ṣì ń mì di òní. Àmúdà kò ké mọ́. Ó kàn ń mí bí ẹran tí wọ́n ti dúńbú.

Wọ́n wọ́ ọ lọ síta. Táyà ti wà nílẹ̀. Wọ́n ti da bẹntiróòlù sí i lára láti orí dé ẹsẹ̀, ẹnì kan sì ti ń tú àpò wá ìṣáná, nígbà tí Bàbá Ọlọ́rundáre dé. Ẹ̀jẹ̀ Múyìwá ṣì wà láyà ẹ̀wù wọn. Bàbá yìnbọn sókè, gbogbo ènìyàn sì fà sẹ́yìn.

Bàbá ní, "Mo ti gbé òkú méjì jáde nínú igbó lónìí. Mi ò ní gbé ẹ̀kẹta. Ẹ ní gọ́ọ̀mù ló pa Múyìwá. Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yọ ọ̀pá ìbọn náà kí a wò ó. Bí gọ́ọ̀mù bá ti já, mi ò sí láàárín ẹ̀yin àti òun mọ́. Bí kò bá já, ẹni tó bá tún fọwọ́ kàn án, èmi ló fọwọ́ kàn."

Ẹnì kan béèrè ẹni tó máa yọ ọ́. Gbogbo wọn wò mí. Wọ́n mọ̀ pé bàbá mi ṣiṣẹ́ irin ní rélùwéè títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, wọ́n sì mọ̀ pé iṣẹ́ irin ni mò ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Mo sọ pé mi ò lè ṣe é, pé òkú ọkọ mi kékeré ṣì wà nílẹ̀ nílé. Bàbá Ọlọ́rundáre sún mọ́ mi, wọ́n rẹ ohùn wọn sílẹ̀. Wọ́n ní, "Julianah, mo ti pe ọlọ́pàá, mi ò rí wọn. Bí ìwọ ò bá yọ ọ́, iná ni àwọn wọ̀nyí máa fi parí ẹjọ́."

Bí mo ṣe wọ ṣọ́ọ̀bù náà nìyẹn. Mo kọ́kọ́ ní kí wọ́n gbé Àmúdà jìnnà, kí wọ́n da omi sí i lára dáadáa, nítorí iná gáàsì ni màá tàn, bẹntiróòlù sì wà lára rẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sábẹ́ òrùlé ṣọ́ọ̀bù kejì, wọ́n sì so ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo gbọ́ bó ṣe ń wúkọ́ láti ibẹ̀. Mo yọ igi ìbọn náà kúrò. Igi náà ti ya, ẹ̀jẹ̀ sì ti gbẹ mọ́ ọn. Ẹ̀yìn ilé ọta náà ti là, ìkarahun ọta tó yìn kẹ́yìn sì há sí ìdí ọ̀pá ìbọn débi pé kò sẹ́ni tó lè wo inú rẹ̀ já láti iwájú tàbí láti ẹ̀yìn. Mo fi pákó méjì di ọ̀pá náà láàárín báìsì, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń di irin mú, mo fún un le, mo sì ki irin gígùn kan bọ inú ilé ọta kí a lè máa fi yí i.

Ọkọ mi tì mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní, "Èmi ni màá fà á. Mo fẹ́ fi ọwọ́ ara mi mọ bó ṣe máa já."

Ó rò pé yóò jábọ́ sí òun lọ́wọ́ ni. Mo rí i lójú rẹ̀. Ó di irin náà mú, ó fà á, kò mì. Ó ti ẹsẹ̀ mọ́ tábìlì, ó tún fà á, tábìlì ló kúrò lójú kan. Ọ̀dọ́kùnrin kan bá a dì í mú, wọ́n jọ fà á. Kò yí. Ariwo tó wà níta bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Mo sọ fún un pẹ̀lẹ́ pé, "Bàbá Tèmi, ẹ rí i pé kò tíì já." Kò wò mí. Ó ní, "Tan iná."

Mo tan gáàsì, mo sì ń fi iná náà yí ibi ìsopọ̀ náà ká. Nígbà tó yá, òórùn gọ́ọ̀mù tó ń jó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, ó rùn bí ìwo ẹran tí wọ́n jù sínú iná. Ọkọ mi fà á, kò yí. Mo tún fi iná sí i. Òógùn ń kán láti iwájú orí ọkọ mi sórí irin, ó ń dún ṣíì. Ó ń pe orúkọ Múyìwá lábẹ́lẹ̀ bó ṣe ń fà á. Ìgbà tó yá, irin náà kérora. Ó yí díẹ̀. Ó dá a padà, ó tún yí i, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pá náà ṣe tú kúrò nínú ilé ọta, tí a sì yọ wọ́n kúrò lára wọn.

Bàbá Ọlọ́rundáre wá wò ó, wọ́n pe ẹni mẹ́ta mìíràn wá wò ó. Gọ́ọ̀mù tí iná ti jó yí ẹnu irin méjèèjì ká láìsí àyè, ó dúdú bí ṣúgà tó jóná nínú ìkòkò. Kò sí ibi tí èéfín ẹ̀tù ti gbà kọjá nínú rẹ̀. Bàbá ní, "Gọ́ọ̀mù yìí kò já." Wọ́n sọ ọ́ sókè, kí àwọn tó wà níta lè gbọ́.

Ọmọkùnrin tó ń fi àdá lu Àmúdà lẹ́ẹ̀kan béèrè pé, "Kí ló wá pa á?"

Mo fi ẹ̀mú fa ìkarahun tó há náà jáde. Mo fi aṣọ di ọ̀pá ìbọn náà mú, mo gbé e sókè sí oòrùn, mo wo inú rẹ̀. Ó yẹ kí n rí ìmọ́lẹ̀. Mi ò rí i. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀. Mo rántí ohun tí Bàbá sọ nípa ìbọn tó dún pọ̀ọ̀, mo sì mọ ẹni tó di ọta náà. Rùkáyà, mi ò ní tan ọ́. Ó wá sí mi lọ́kàn pé kí n gbé ọ̀pá náà sílẹ̀, kí n sọ pé mi ò mọ ohun tó fà á, kí oníkálukú máa lọ sílé rẹ̀. Wọ́n ti mọ̀ pé kì í ṣe gọ́ọ̀mù, ìyẹn ti tó láti gba Àmúdà là. Mo ṣì ń rò ó nígbà tí ọkọ mi já ọ̀pá náà gbà lọ́wọ́ mi.

Ọwọ́ lásán ló fi gbà á. Irin náà ṣì gbóná gan-an. A gbọ́ bí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ṣe ń dún, òórùn ẹran ara rẹ̀ sì kún ṣọ́ọ̀bù náà. Kò fi í sílẹ̀. Ó gbé e sí ojú.

Ó ní, "Kò sí ìmọ́lẹ̀. Kí ló wà níbẹ̀?"

Mo ní, "Ẹ gbé e sílẹ̀, ẹ ń jóná."

"Julianah, mo ní kí ló wà níbẹ̀?"

Mo wá sọ ọ́. Mo ní, "Kóró ọta àkọ́kọ́ ni. Ẹ̀tù inú rẹ̀ kò lágbára, kò lè tì í jáde. Ó dúró sí àárín ọ̀nà. Nígbà tó yin ìkejì, kò rí ọ̀nà gbà. Ẹ̀yìn ni agbára iná rẹ̀ padà sí."

Bàbá Ọlọ́rundáre gba ọ̀pá náà lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ. Awọ ọwọ́ ọkọ mi ya mọ́ ọn. Mo fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan gbá inú rẹ̀ títí ohun tó dí i fi jábọ́ sórí tábìlì. Kóró méjì ni, ọ̀kan ti wọ ìdí èkejì, wọ́n ti di ọ̀kan. Bàbá gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n fi han àwọn ọdẹ, wọ́n sì béèrè jẹ́jẹ́ pé, "Ta ló di ọta yìí?"

Gbogbo ọdẹ tó wà níbẹ̀ ló mọ̀. Ọkọ mi fúnra rẹ̀ ló dáhùn. Ó ní, "Èmi ni."

Ó jáde lọ bá Àmúdà lábẹ́ òrùlé kejì yẹn. Mi ò mọ ohun tó fẹ́ ṣe, bóyá ó fẹ́ tú okùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ni. Kò dé ibẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó bá a lu Àmúdà náà ni wọ́n yí sí i. Ẹnì kan sọ òkúta lù ú níwájú orí, ẹlòmíràn fi igi gbá a lẹ́sẹ̀, ó sì ṣubú. Kò gbé ọwọ́ sókè láti fi dáàbò bo orí. Wọ́n ń lù ú, wọ́n ń pè é ní apànìyàn, àwọn tí ẹ̀jẹ̀ Àmúdà ṣì wà lára bàtà wọn. Bàbá Ọlọ́rundáre àti àwọn ọdẹ ló fi ara wọn dí i títí wọ́n fi lé àwọn yẹn dànù. Ọkọ̀ àwọn ọdẹ la fi gbé Àmúdà lọ sí ilé ìwòsàn, mo gbé orí rẹ̀ lé itan mi. Gbogbo ara mi ń rùn fún bẹntiróòlù.

Ọkọ mi kò dúró de ìsìnkú. Ó fi gèlè mi di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, ó sì sọ ohun tó ṣe fún wọn. Nígbà tí mo lọ wò ó níbẹ̀, ó sọ fún mi pé ẹ̀tù náà gba omi nígbà òjò, níbi tí òrùlé ti ń jò ní ẹ̀yìnkùlé. Ó ní òun sá a sóòrùn, òun fọwọ́ kàn án wò, òun sì rò pé ó ti gbẹ. Ó ń sọ ọ́ lásọtúnsọ: "Mo rò pé ó ti gbẹ." Wọ́n ti gbé e lọ sílé ẹjọ́, ó sì wà ní àhámọ́ báyìí.

Lẹ́yìn tí a sin Múyìwá tán, ìyá ọkọ mi pè mí sí yàrá. Wọn ò pariwo. Wọ́n ní, "Ọkùnrin méjì ni mo bí. Ìbọn pa ọ̀kan, ìwọ pa èkejì. Kí ló ṣe ọ́ tí o ò lè sọ pé o ò rí nǹkan?" Nígbà tí mo dé láti ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, ẹrù mi àti ti ọmọ mi ti wà lójúde. Kò sí ẹni tó bá mi gbé e. Bí mo ṣe dé Ẹ̀sà-Òkè nìyẹn, yàrá kan ni ilé ìwé tí mo ti ń kọ́ni fún wa, a sì ń dúpẹ́. Tèmi ń béèrè bàbá rẹ̀. Mo sọ fún un pé ọwọ́ ń dùn wọ́n, wọ́n ń tọ́jú wọn. Mi ò tíì mọ bí mo ṣe máa sọ èyí tó kù.

Mo lọ wo Àmúdà lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n ti gbé e wá sí ilé ìwòsàn ńlá lọ́dọ̀ yín ní Òṣogbo, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti gé ọwọ́ ọ̀tún náà láti ọrùn ọwọ́. Ìyàwó rẹ̀ rí mi, ó dìde, ó jáde kúrò nínú yàrá. Mi ò bínú sí i. Mo jókòó. Mo sọ fún Àmúdà pé gọ́ọ̀mù rẹ̀ kò já.

Ó ní, "Mo mọ̀."

Ó tún béèrè pé, "Ó pẹ́ kó tó tú fún yín?"

Mo ní, "Ó pẹ́, ẹ̀gbọ́n mi. A fi iná sí i títí ó fi sú wa."

Ó kọjú sí ògiri. Mo rí i pé èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n, mi ò sì mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni tàbí ẹkún. Mo jókòó tì í títí àwọn nọ́ọ̀sì fi ní kí n máa lọ.

Jọ̀ọ́, bá mi máa yà wò ó. Ìwọ ni ìyàwó rẹ̀ máa gbà láyè. Kò lè jẹ ohun líle nítorí ẹnu rẹ̀, ẹ̀kọ tí wọ́n pò pẹ̀lú mílíìkì ni kí o gbé lọ. Bá mi kí Bàbá àwọn ọmọ, kí Ọlámilékan àti àwọn àbúrò rẹ̀. Sọ fún Màmá pé kí wọ́n fi orúkọ mi sínú àdúà wọn nígbà ààwẹ̀, kí wọ́n sì fi ti Múyìwá náà sí i.

Lọ́yà ọkọ mi wá bá mi níbí lánàá, àwọn ẹbí ló rán an. Ó ní ìjọba máa pè mí gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Ó ní kí n sọ pé èrò pọ̀ lọ́jọ́ náà, pé ibi tí mo dúró kò jẹ́ kí n rí ẹni tó mú òòlù. Ó ní ìyẹn nìkan ló lè mú Akíndélé padà wá sọ́dọ̀ mi àti ọmọ mi. Mo sun ẹkún lórí ọ̀rọ̀ náà di òwúrọ̀. Mo fẹ́ràn ọkọ mi, Rùkáyà, o mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo wà níbẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo dì mọ́. Bí wọ́n bá bi mí, màá sọ pé òun ni.

Ọ̀rẹ́ rẹ tí kò yí padà,

Julianah